Màmá Bàtà ti Altona

Nínú ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Altona, àdúgbò kan nílùú Hamburg ní Jámánì, kò sí ọmọdé kan tó mọ̀ pé Oyèrónkẹ́ ni orúkọ ìyá arúgbó tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá Bàtà ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, nítorí ìyá yìí ló dá ìjọ ọ̀hún sílẹ̀, ẹni tó bá sì ń fi ẹni tó dá ìjọ sílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kó yáa mọ ibi tí yóò ti máa gbàdúrà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá fúnra rẹ̀ kò bínú sí orúkọ náà rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ayọ̀níkẹ́, ló ń bá a bínú, ó sì bínú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Ayọ̀níkẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Berlin, ó ń lọ sin ìyá rẹ̀ ní Hamburg. Ọmọ tirẹ̀, Fọláwùnmí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń fi ìka yàwòrán sára gíláàsì tí òjò ti mú tutù. Ìwé kan wà lọ́wọ́ Ayọ̀níkẹ́. Ìtàn ìgbésí ayé màmá ni, tí yóò kà níwájú ìjọ kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Ó ti kà á tó ìgbà mẹ́rin láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra. Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi ìlà kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwa Yorùbá ti máa ń ka àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ lọ. Ìlà náà ní: Ó fi ọmọ kan sílẹ̀, Ayọ̀níkẹ́, àna kan, Dámiláre, àti ọmọ-ọmọ kan, Fọláwùnmí.

Irọ́ ló wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2005 ni Dámiláre ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé wọn ní Neukölln ní Berlin, tó lọ bá obìnrin mìíràn ní London. Ilé ẹjọ́ ti tú wọn ká. Àwọn tó jọ ń gun àtẹ̀gùn ilé náà mọ̀, àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Ayọ̀níkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú mọ̀, kódà ọ̀gbẹ́ni tó ń mú lẹ́tà wá mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọn kò sọ fún ni ìyá tó bí i. Bí màmá bá tẹ̀ ẹ́ láago lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, tó ní, “Ọkọ rẹ ńkọ́?” Ayọ̀níkẹ́ á ní, “Ó wà ńbí, mà. Ó ní kí n kí yín.” Bí Fọláwùnmí bá sì gba fóònù, ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: bàbá wà níbi iṣẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2007, màmá kú lójijì. Ó ń mu tíì lọ́wọ́ ni, ó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, ó gbára lé àga, ó parí. Kò sí àìsàn tí ọmọ ìbá fi rí ààyè sọ òtítọ́. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Ayọ̀níkẹ́ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò: ìyá òun ti gbé irọ́ òun lọ sọ́run, kò sì sí bí èèyàn ṣe ń bẹ òkú. Bó bá ka ìlà yẹn lọ́la, ó tún parọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú pósí. Bí kò bá kà á, gbogbo ìjọ á mọ̀ pé ọmọ Màmá Bàtà tan ìyá rẹ̀ jẹ títí ìyá fi kú.

Fọláwùnmí yíjú kúrò lára fèrèsé. Ó béèrè bóyá òun máa sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà pé bàbá wà níbi iṣẹ́. “Mama, muss ich da auch sagen, dass Papa arbeitet?”

Ayọ̀níkẹ́ ká ìwé náà sórí itan. Ó ní kí ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ná, ká sọ nípa ìyá, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìyá kò ní mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba ọmọ.

Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni Oyèrónkẹ́. Ọdún 1972 ló bá ọkọ rẹ̀, Matthew, dé Hamburg, pẹ̀lú Ayọ̀níkẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Alásè ni Matthew nínú ọkọ̀ ojú omi. Oṣù mẹ́sàn-án ló ń lò lórí omi, á sì fi mẹ́ta yòókù sọ ìtàn omi fún ẹni tó bá ráyè. Oyèrónkẹ́ ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gé ẹja ní etí odò Elbe. Ó ń gé ẹja, ó ń tọ́ ọmọ, ó ń wá àwọn tí wọn yóò jọ máa gbàdúrà. Ó máa ń sọ pé nínú gbogbo ohun tí òun ń fọwọ́ kàn lójúmọ́, ẹja nìkan ni kì í bá òun jiyàn.

Ọdún 1976 ni àwọn méje bẹ̀rẹ̀ àdúrà nínú yàrá rẹ̀ ní Altona. Ẹ mọ̀ pé Aládùúrà kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Wọ́n bá ń bọ́ bàtà sórí àtẹ̀gùn. Ìyá Jámánì tó ń gbé ìsàlẹ̀ rí bàtà mẹ́rìnlá lójú ọ̀nà rẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí onílé. Ìyẹn kò tíì burú tó òtútù. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejì, bàbá àgbà kan parí àdúrà ìwòsàn ọrùn ẹsẹ̀, ó jáde, ó ti ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ wò sàn bọ inú bàtà tó ti dì gbagidi, igbe tó ké sì mú kí ìyá ìsàlẹ̀ tún kọ lẹ́tà míì. Láti ọjọ́ náà ni Oyèrónkẹ́ ti ń kó bàtà gbogbo èèyàn wọlé, tó ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ Heizung tó ń mú yàrá móoru. Bí àdúrà bá parí, oníkálukú á wọ bàtà gbígbóná lọ sínú yìnyín. Àwọn kan wà nínú ìjọ yẹn tí ẹnikẹ́ni kò lè búra pé kì í ṣe bàtà gbígbóná ló mú wọn dúró.

Nígbà tó di 1983, ìjọ ti pọ̀, wọ́n gba gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé àwọn atọ́kọ̀ṣe. Àwọn àgbà pe Oyèrónkẹ́, wọ́n fi í joyè Ìyá Ìjọ, wọ́n ra àga onítìmùtìmù kan fún un, wọ́n gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ó kúnlẹ̀, ó gba oyè, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, ó wọ sútánà funfun rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu ọ̀nà sídìí bàtà. Àga onítìmùtìmù ṣófo níwájú títí wọ́n fi ń gbé àpò ọrẹ lé e.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ayọ̀níkẹ́ nígbà náà. Ojú ń tì í. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn ọkùnrin ìjọ ló rẹ ìyá òun sílẹ̀. Nílé, ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu: “Mummy, ẹ̀yin lẹ dá ìjọ yẹn sílẹ̀, ẹ wá ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn!”

“Ta ló ní wọ́n fi mí síbẹ̀?” ni màmá wí. “Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún un. Jókòó. Bí èèyàn bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ǹlẹ́ o, Ọlọ́run dára, kò sí wàhálà. Bàtà kì í rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Brother Akínfẹ́mi tó ń kọrin jù yẹn, páálí ló gé sínú bàtà rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lu. Ẹni tí kò rówó ra bàtà nínú òtútù yìí, ṣé o rò pé ó ń jẹun?”

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Akínfẹ́mi nígbà náà, kì í sì í jẹun lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìkòkò ọbẹ̀ ẹja kan dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, bàtà kan náà dé tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohunkóhun. Bí màmá ṣe ń ṣe nìyẹn. Gìgísẹ̀ tó jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, okùn tí wọ́n so pọ̀ níbi mẹ́ta, bàtà obìnrin tó jẹ́ pé bàtà ọkọ rẹ̀ kì í bá a wá mọ́: ó ń wo gbogbo wọn, á sì mọ ilé tí òun yóò yà láàárín ọ̀sẹ̀. Kì í béèrè, kì í sì í sọ fún ẹlòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ yìí, ìyẹn Fàúsátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà ní St. Georg, tó sì máa ń bá a wá bàtà àlòkù tó ṣì le. Mùsùlùmí ni Fàúsátù. Màmá máa ń sọ fún un pé, “Ìwọ ń bọ́ bàtà kí o tó wọlé Ọlọ́run, èmi náà ń bọ́ ọ. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ wọlé ni kó lọ ronú.”

Ọdún 1991 ni Matthew kú. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, Ayọ̀níkẹ́ bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ láàárín bàtà ọkọ rẹ̀, ó ń fún ìwé ìròyìn mọ́ra, ó ń kì í bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàtà tí wọ́n ṣì máa wọ̀ jáde, ẹ̀gbẹ́ iná ló ń gbé. Èyí tí olówó rẹ̀ kò ní padà wá wọ̀, ìwé la ń kì sí i, kó má baà ká jọ kí ẹlòmíì tó rí i lò.”

Ní 1996, Ayọ̀níkẹ́ mú Dámiláre wá sílé. Màmá gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún un lóúnjẹ, ó bá a ṣàwàdà. Nígbà tó lọ tán ni màmá sọ̀rọ̀: “Ó kun iwájú bàtà rẹ̀, kò kun gìgísẹ̀. Ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń dé. N kò tíì mọ̀ bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.”

“Mummy, please! Bàtà kọ́ ni mo fẹ́ fẹ́.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà fún wọn, kò sì mẹ́nu ba bàtà mọ́ láéláé. Òun ló gbọ́ oúnjẹ ìgbéyàwó. Ẹ wá rí ìdí tí Ayọ̀níkẹ́ kò fi lè la ẹnu sọ ọ́ nígbà tí Dámiláre lọ. Kò bẹ̀rù pé ìyá òun yóò bú òun. Ohun tó bẹ̀rù ni pé kò ní bú òun, pé yóò kàn dákẹ́, yóò sì máa wo ẹsẹ̀ òun.

Ní Àjíǹde ọdún 2007, màmá tẹ̀ láago láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ọjọ́ náà gan-an ni òun ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní Berlin. Jìnnìjìnnì mú Ayọ̀níkẹ́. Ó sọ lórí fóònù pé iṣẹ́ ti gbé Dámiláre lọ sí München, pé àná ló lọ. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Keller, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù àtijọ́ sí nísàlẹ̀ ilé, ó fa bàtà dúdú kan tí Dámiláre gbàgbé yọ, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà sáàárín bàtà tirẹ̀ àti ti ọmọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun kan sínú kọ́ọ̀bù ilé ìwẹ̀. Ó dúró, ó wo iṣẹ́ rẹ̀, ó rò pé ọgbọ́n òun pé. Nínú gbogbo àwọn ìyá tó wà ní Jámánì, ìyá tó jẹ́ pé bàtà niṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ fi bàtà tàn jẹ.

Màmá dé. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó tò wọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní, “Ẹ kú ilé o,” ó sì gbé Fọláwùnmí mọ́ra. Lọ́jọ́ kẹta, Ayọ̀níkẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí i pé bàtà dúdú ti kúrò láàárín, ó ti wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́, ó ń dán. “Mo kàn bá yín nù ún ni,” ni màmá wí. Ayọ̀níkẹ́ dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé irọ́ náà dúró. Kò fọwọ́ kan bàtà náà mọ́, bóyá màmá á tún padà wá.

Láti ìgbà náà, ẹrù ń dé láti Hamburg lóṣooṣù: gààrí, ẹja gbígbẹ, bàtà òtútù fún Fọláwùnmí. Màmá kò sì béèrè Dámiláre lórí fóònù mọ́. Ayọ̀níkẹ́ rò pé ìbéèrè kan náà ti sú u ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sin màmá. Òjò ń rọ̀. Nígbà tí Ayọ̀níkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ dé gbọ̀ngàn, ohun tó kọ́kọ́ pàdé wọn ni òkìtì bàtà. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà, ọ̀tún wà lórí òsì, omi ń ṣàn lára wọn, àwọn tó dé lẹ́yìn ń gun orí ti àwọn tó ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò rántí pé ó yẹ kí ẹnì kan dúró síbẹ̀, nítorí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tó ní láti rántí rí. Olùtọ́jú bàtà wà nínú, ó sùn nínú pósí pẹ̀lú sútánà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán.

Brother Akínfẹ́mi àtijọ́ ti di Bàbá Akínfẹ́mi, olórí ìjọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun. Ó gbàdúrà, wọ́n kọrin, ó sì pe Ayọ̀níkẹ́ síwájú.

Ayọ̀níkẹ́ kà á. Ó ka Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ka ẹja, ó ka àwọn méje. Ìjọ rẹ́rìn-ín níbi bàbá àgbà àti bàtà tó dì. Nígbà tó dé ìlà ìsàlẹ̀, ó ka orúkọ tirẹ̀, ó ní “àna kan,” ohùn rẹ̀ sì dúró. Ó wo pósí. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó níwájú tó pa ẹnu dé pinpin, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò béèrè bàbá rẹ̀ kí ó lè parọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Ìyẹn ló ṣe é. Ó ká ìwé náà kò.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí,” ló wí. “Mi ò lè ka orúkọ yìí. Dámiláre ti fi wá sílẹ̀ láti bí ọdún méjì àtààbọ̀. Mi ò sọ fún Mummy. Gbogbo Sunday ni mo ń parọ́ fún wọn. Mo tún kọ́ ọmọ mi náà. Wọ́n kú, wọn ò mọ̀.”

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn sọ pé “Jésù!” ní ohùn kẹ́lẹ́. Ayọ̀níkẹ́ ń wo ilẹ̀, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ta ló ní wọn ò mọ̀?”

Gbogbo orí yí padà. Màmá Fàúsátù ló dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán bíi ti gbogbo wọn.

“Ayọ̀níkẹ́, gbójú sókè. Ìyá ẹ mọ̀ jàre. Bó ṣe ń ti Berlin bọ̀ ní Easter, shop mi ló kọ́kọ́ yà, kó tó délé ara ẹ̀. Ó ní, ‘Fàúsátù, ọkọ Ayọ̀níkẹ́ ti lọ.’ Mo ní ta ló sọ fún un. Ó ní bàtà ni. Ó ní o sọ pé àná ló travel, ọjọ́ kẹta rèé tí òjò ti ń rọ̀ ní Berlin, ìsàlẹ̀ bàtà ẹ̀ gbẹ furufuru, aláǹtakùn sì ti ta sínú ọ̀tún!”

Ẹnì kan kò lè mú un mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí á tó wí kí á tó fọ̀, ẹ̀rín ti gba inú gbọ̀ngàn kan, Bàbá Akínfẹ́mi pàápàá fi ìwé orin bojú. Ayọ̀níkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Aláǹtakùn! Kò tilẹ̀ wo inú bàtà yẹn kó tó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

“Mo bi í,” ni Màmá Fàúsátù ń bá ọ̀rọ̀ lọ nígbà tí ariwo rọlẹ̀. “Mo ní, ‘Oyèrónkẹ́, kí ló dé tí o ò bi ọmọ ẹ léèrè?’ Ó ní, ‘Bí mo bá bi í, á parọ́ fún mi lójúkojú, kò sì ní lè gbé e. Bí mi ò bá bi í, ó kàn jẹ́ ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀ ni. Á sọ ọ́ tó bá yá.’ Ìyẹn ló ṣe ń ra bàtà ọmọ kékeré yẹn lọ́wọ́ mi. Kò bínú sí ẹ, ọmọ mi. Wallahi, kò bínú rárá. Ó ń dúró dè ẹ́ ni.”

Ẹkún tí Ayọ̀níkẹ́ kò rí sun láti oṣù kẹwàá wá jáde, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù kalẹ̀ lórí tó wá rí i pé ọrùn òun ṣì yí. Ìyá rẹ̀ kò gbé irọ́ lọ sọ́run. Ìyá rẹ̀ ti mọ̀, ó ti forí jì í, ó ti fi gààrí àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tí bàtà rẹ̀ bá sọ òótọ́ fún un. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Wọn kò sọ fún wa pé òtítọ́ lè ti bá a tán, kó jókòó jẹ́jẹ́ tì í, kó máa wò ó.

Ó nu ojú, ó ṣí ìwé náà, ó sì ka ìlà ìkẹyìn bó ṣe yẹ kó rí: “Ó fi ọmọ kan sílẹ̀, Ayọ̀níkẹ́, ọmọ-ọmọ kan, Fọláwùnmí, ọ̀rẹ́ kan, Fàúsátù, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti wọ bàtà gbígbóná lọ sílé rí.”

“Àmín,” ni ìjọ wí.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìdúpẹ́, àwọn tó kọ́kọ́ dé bá Ayọ̀níkẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń to bàtà sí ẹ̀gbẹ́ Heizung. Ó ti wá láti wákàtí kan ṣáájú. Ọkùnrin méjì mú bàtà wá tí wọ́n ti ṣèèṣì pààrọ̀ lánàá, wọ́n fún un, wọ́n kí i, “Ẹ kú iṣẹ́, mà.” Ojú kò tì í rárá. Bó ṣe ń tò wọ́n ló ń wò wọ́n, ó sì rí bàtà ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, bàtà aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wọ̀ nígbà ooru, tó rin gbingbin. Ó wo nọ́ńbà inú rẹ̀. Mẹ́rìnlélógójì ni.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi padà sí Berlin, Fọláwùnmí béèrè bóyá òun kò ní láti parọ́ mọ́ báyìí. “Muss ich jetzt nicht mehr lügen?”

“Rárá, ọmọ mi,” ni Ayọ̀níkẹ́ dáhùn. “O ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn. Má bínú.”

“Okay,” ni ọmọ náà wí, ó fi orí lé e léjìká, ó sì sùn lọ kí wọ́n tó kúrò ní Hamburg tán.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Ayọ̀níkẹ́ kò tíì bọ́ kóòtù tó ti bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́, ó fa bàtà dúdú jáde. Bàtà Dámiláre, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì. Ó wúwo díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Ìwé ìròyìn ló wà níbẹ̀. Wọ́n fún un mọ́ra dáadáa, wọ́n kì í dé ọmọ ìka, nínú ọ̀tún àti òsì. Ó tú u, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fọwọ́ nà án. Ìwé ìròyìn Berlin ni, ti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde.

Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí itan, ó rẹ́rìn-ín títí Fọláwùnmí fi wá wò ó. Lẹ́yìn náà ó tún ìwé náà fún, ó kì í padà bí màmá ṣe ṣe é, kí bàtà náà má baà ká jọ títí yóò fi dé Altona lọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Ó wá páálí, ó kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì sí i lára. Ó wá gbé bàtà tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀, tí òjò Hamburg ti rin, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ Heizung.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan. Ó gbóná.